Àìsàn Tí Kadzo Jẹ́wọ́ Rẹ̀

Láti kékeré ni Kadzo ti ń lo oògùn éèdì ní Kilifi, ẹnì kankan ládùúgbò ò sì mọ̀. Nígbà tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé nítorí kòrónà, nọ́ọ̀sì gbé oògùn oṣù mẹ́ta wá bá a, nọ́ọ̀sì náà fi aṣọ ọ̀rá bo ara látòkè délẹ̀ nítorí kòrónà.

Mama Riziki, ará ilé kejì, figbe ta: “Kadzo, kí ló ń ṣe ẹ́?”

“Kòrónà ni, Mama.”

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn ará àdúgbò fi sá fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ugali, òkèlè àgbàdo, àti ẹja wá sílé rẹ̀, gbogbo wọn àti Kadzo tọwọ́ bọ abọ́ kan náà.

“Ọpẹ́ ni pé kòrónà lásán ni,” Mama Riziki ń rẹ́rìn-ín. “Ká ní éèdì ni, ta ni ì bá bá ẹ jẹun?”

Kadzo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó tún tọwọ́ bọ abọ́ náà pẹ̀lú wọn.