Ìda Tí Màmá Ń Pín

Òórùn koríko ọba ló máa ń jí mi ní Ìjàn-Èkìtì nígbà èwe mi. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, Màmá á ti gún un, á pò ó mọ́ ìda oyin tó ti yọ́, á wá fi ra inú àpótí oyin tó ṣófo. Oyin kì í fẹ́ wọ ilé tí kò bá ti gbóòórùn ìda. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin oyin lágbègbè wa fi ń tọrọ ìda lọ́wọ́ ẹni tó ti ń sìn ín.

Ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n sì ń wá jù. Á bu ìda fún wọn, á tún kọ́ wọn bí a ṣe ń fín èéfín jẹ́ẹ́jẹ́ kí oyin má bàa bínú. Èmi tí mo fẹ́ràn láti máa jẹ ìda lẹ́nu bíi ṣingọ́ọ̀mù á wá fajú ro. Màmá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Fúnmi ahun! Ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń lékè." Ní tèmi o, ọwọ́ òfo ni mo ń rí.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, iná ìgbẹ́ jó dé oko wa. Ó jó gbogbo ilé oyin Màmá, àti ìda tó kó pamọ́ sí ahéré. Eérú nìkan ló kù, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán bí oyin. Ìyẹn gan-an ló mú mi sunkún, torí oyin yẹn ni Màmá fi ń rán mi nílé ìwé. Ó kan àpótí tuntun, ṣùgbọ́n kí ló máa fi ra inú wọn? Kò sì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru ṣì bo ilẹ̀, mo rí bàbá kan tí Màmá kọ́ níṣẹ́, tó gun ọ̀kadà wá láti Ìgèdè. Ó tú ewé, ó gbé odindi ìṣù ìda jáde.

"Ìyá Fúnmi, ọ̀dọ̀ yín la ti mú un. Ẹ gbà á padà."

Àwọn yòókù tí Màmá ti bu ìda fún náà ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, tìda-tìda. Omijé ló ń dà lójú Màmá.

A fi ìda ra àwọn àpótí, a wá ń retí. Lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, mo gbọ́ ohùn kan lókè, bí ìgbà tí gbogbo ìjọ bá ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Oyin ń wọlé. Màmá tẹríba, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ulé yín rè é."

Adó ni mò ń gbé báyìí, èmi náà ń sin oyin. Láàárọ̀ yìí, ọmọge kan wá láti àdúgbò Fájuyì, ó ń tọrọ ìda. Fúnmi kékeré fajú ro nínú mi. Ẹ má rò pé ó ti lọ. Ṣùgbọ́n mo bu ìda fún ọmọ náà, mo sì bu èyí tó pọ̀. Mo ti mọ̀ báyìí pé ọwọ́ àwọn tó ń bu ìda fún, níbi tí iná ò lè dé, ni Màmá ń kó tirẹ̀ pamọ́ sí.