Onígbáméjì Méjì ní Aramọkọ

Kí ọkọ̀ ìjọba tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá láti Àkúrẹ́, Onígbáméjì kan ṣoṣo la mọ̀ ní Aramọkọ. Obìnrin pupa, ó ga, àlàfo kan sì wà láàárín eyín iwájú rẹ̀ tí ẹ̀rín máa ń gbà jáde kó tó ya ẹnu tán. Bíntù ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìwó. Yẹ̀kínì ọkọ rẹ̀, tó ń lẹ táyà ní garéèjì, ló mú un wá sọ́dọ̀ wa. Àmọ́ bí ẹ bá béèrè Bíntù láàárín ìlú, wọ́n á bi yín pé Bíntù wo. Ẹ ṣáà sọ pé Onígbáméjì, ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀nà odò yóò mú yín dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Gúgúrú àti ẹ̀pà ló ń tà. Igbá ńlá orí rẹ̀ ni ti gúgúrú. Èyí tó kéré, tó fi ọ̀já so mọ́ ìbàdí bí ẹni gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́, ni ti ẹ̀pà. Ugbá ni àwa Èkìtì ń pe igbá, àwọn àgbà sì máa ń fi ẹnu Ọ̀yọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fi ìpolówó sọ ara rẹ̀ lórúkọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára:

"Onígbáméjì dé o!
Ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa.
Ẹ pò wọ́n pọ̀ lẹ́nu, kí etí ó gbọ́!"

Bó bá ti ké e ní ọ̀nà Ìjerò, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò á kàn gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òun mọ́. Àwọn tí kò fẹ́ ra pàápàá máa ń jáde, nítorí ẹnu rẹ̀. Bàbá kan wà tó máa ń ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò, á bu ẹ̀kúnwọ́, á tún bu ẹ̀kúnwọ́. Ọjọ́ kan ni Bíntù sọ igbá kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, tí ẹ bá tọ́ ọ wò yó, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n lọ bu omi wá."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá wa gbé títí ọdún Sáàpù fi dé, tí ohun gbogbo gbówó lórí, tí òjò sì tún pẹ́ kó tó rọ̀. Odò fà, ó ku omi ẹlẹ́rẹ̀ tí ènìyàn àti ewúrẹ́ jọ ń pín. A kọ́kọ́ gbọ́ pé àrùn kan ń jà lókèèrè. Nígbà tó yá, ó dé àwọn abà tó wà nítòsí. Ẹni tó bá mú, á máa bì, á máa ṣu bí omi, títí ojú rẹ̀ á fi wọ inú. Àwọn kan kú. N kò ní fi ìyẹn ṣe àwàdà.

Nígbà náà ni ọkọ̀ dé láti Àkúrẹ́, olú-ìlú wa ìgbà yẹn. Wolé-wolé tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ Táyọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń ṣí àmù onílé wò kó tó kí onílé. Gbádégẹṣin ló ń wà á, aláwàdà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú ẹ́ńjìnnì nítorí ọkọ̀ náà ti darúgbó. Táyọ̀ gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó fi Yorùbá rédíò kéde:

"Ẹ̀yin ará ìlú! Onígbáméjì ti wọ agbègbè yìí! Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Apani ni. Ẹ má ṣe gbà á láyè nínú ilé yín. Ẹni tó bá kẹ́fín rẹ̀ níbikíbi, kó sáré wá sọ fún wa ní ọsibítù!"

Bíntù ń yan ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná lẹ́yìn ilé. Ó ju ṣíbí sílẹ̀, ó ké sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Simiat! Bàbá Simiat, ẹ gbọ́ ohun tí ìjọba ń sọ nípa mi!"

Yẹ̀kínì jáde pẹ̀lú túùbù táyà lọ́rùn. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. "Ìyá Simiat," ó ní, "kí lo ṣe fún wọn?"

"Kí ni mo ṣe? Àbí iyọ̀ inú ẹ̀pà ló pọ̀ jù?"

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ké ìpolówó rẹ̀, àwọn ọmọ sáré bí ìṣe wọn, àmọ́ wọ́n gba òdìkejì lọ. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ láti ojú fèrèsé pé, "Ẹ ò rí i! Wọ́n ní ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ẹ ò rí i báyìí!"

Ẹ má jẹ́ ká bú wọn. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnì kan bá ń bì lọ́dọ̀ wa, à ń sọ pé inú ń run ún ni. Àwọn tó lọ sílé ẹ̀kọ́ ń pè é ní kọ́lẹ́rà. Onígbáméjì tí Táyọ̀ mú wá láti Àkúrẹ́, orúkọ ẹni tí a mọ̀ ló jẹ́ létí wa. Àwọn tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ pàápàá kò ran Bíntù lọ́wọ́. Tíṣà dá a dúró lójú ọ̀nà, ó ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí, ó bá a kẹ́dùn. Bíntù wá gbé igbá sọ̀ kalẹ̀ kó lè wọn tirẹ̀ fún un. Tíṣà bojú wẹ̀yìn. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ o," ó ní. "Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn…" Ó sì yára lọ.

Ní garéèjì náà, nǹkan ò dára. Àwọn ọkọ̀ tó ń ti Iléṣà bọ̀ máa ń dúró tẹ́lẹ̀ kí èrò ra nǹkan ìpanu. Ní báyìí, wọ́n á yí gíláàsì sókè láti Ẹ̀fọ̀n, wọ́n á sì sáré la Aramọkọ já bí ẹni tí ajá ń lé. Ọkọ̀ tí kò dúró kò ní lẹ táyà. Yẹ̀kínì jókòó ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó ń lé eṣinṣin.

"Ká padà sí Ìwó," ó ní nígbà tí aya rẹ̀ tún gbé igbá méjèèjì dé bó ṣe gbé wọn jáde. "Bó bá tán, a ó padà wá."

"Tí mo bá lọ tí àrùn sì lọ, kí ni wọ́n máa sọ? Pé èmi ni. Tí mo bá wá padà dé, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún mi láyé? Bàbá Simiat, ẹni tó bá sá fún orúkọ ara rẹ̀, níbo ló ń sá lọ?"

"Orúkọ ò ṣe é sè jẹ, Ìyá Simiat."

Ìyẹn náà wọ̀ ọ́ létí. Wọ́n wá fẹnu kò pé ọjà Ìlógbò tó ń bọ̀ ni yóò pinnu. Ìlógbò, ìlú kan lágbègbè wa, ni ó ti máa ń tà jù. Bó bá lọ tí kò tà, wọ́n á di ẹrù.

Kí ọjà ó tó pé, ìyá arúgbó kan láti Ìlógbò, Ìyá Abọ́sẹ̀dé, wá sí ọsibítù ní Aramọkọ. Ó ti sáré débi pé gèlè rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká. Táyọ̀ ni ó bá níbẹ̀.

"Ọmọ mi, mo ti rí i!"

"Kí lẹ rí, Mama?"

"Onígbáméjì tí ẹ ní ká wá sọ. Ó wà lẹ́bàá garéèjì yín níbí. Ó tún kí mi, ó ní ẹ káàárọ̀."

Táyọ̀ rò pé aláìsàn ló ń sọ. Ó fa bíírò yọ. "Ṣé ó ń bì?"

"Kò bì. Ẹ̀rín ló ń rín."

"Ṣé ó ń ṣu?"

Ìyá Abọ́sẹ̀dé wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọmọ mi, ojú títì ni. Mi ò lè bi í."

Ni Táyọ̀ bá kó oògùn ìpakòkòrò, ó kó ìbọ̀wọ́, ó fò sínú ọkọ̀. Gbádégẹṣin tẹ iná. Ìyá Abọ́sẹ̀dé jókòó síwájú láti fọ̀nà hàn. Wọ́n dé garéèjì, màmá na ìka: "Òun nìyẹn! Ẹ ò rí ugbá méjì lára rẹ̀?"

Gbádégẹṣin wo Bíntù, ó wo igbá, ó bojú wo ọ̀gá rẹ̀ tó ti wọ ìbọ̀wọ́ dé ìgúnpá. Ẹ̀rín pa á títí tó fi gbé orí lé fèrè ọkọ̀, tí fèrè sì ń ké.

"Ẹ̀yin lẹ bà mí jẹ́!" Bíntù ti dé ojú fèrèsé. "Kí ni mo fi gúgúrú ṣe fún ìjọba Oǹdó?"

"Ìyá wa, ẹ ṣe sùúrù," Táyọ̀ ní. "Orúkọ àrùn ni. Ẹni tó bá ṣe, igbá méjì ni wọ́n máa ń gbé tì í. Ọ̀kan fún èébì, ọ̀kan fún ìgbẹ́."

"Háà! Ẹ tún wá fi ẹ̀pà mi wé ìgbẹ́!"

Táyọ̀ yíjú sí Ìyá Abọ́sẹ̀dé. "Mama, láti ìgbà tí a ti kéde, kí lẹ ti ṣe nílé?"

"Gbogbo wa ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin ń ṣọ́ ẹnubodè."

"Omi ńkọ́? Ẹ̀ ń sè é?"

"Omi wo? Omi odò náà là ń mu. Ṣé inú omi ni Onígbáméjì ń gbé ni?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí Táyọ̀ lára bí omi tútù. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Odindi ìlú ń ṣọ́ ẹnubodè nítorí onígúgúrú, wọ́n sì ń fi ife bu ikú mu nínú ilé. Bíntù ló sọ ohun tó kàn.

"Ẹ gbé mi lọ sí ọjà Ìlógbò. Ẹ̀rọ tí ẹ fi bà mí jẹ́, òun náà lẹ máa gbé fún mi."

"Wọ́n ti ka kíkiri oúnjẹ tí kò nídèérí léèwọ̀."

"Màá dé e. Èmi nìkan ló máa bù ú, agolo ni màá sì fi bù ú. Ẹnikẹ́ni ò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó kù?"

Kò kù.

Lọ́jọ́ ọjà, ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ náà ní Ìlógbò, ó gbé igbá méjèèjì, ó dé wọn. Kẹ́ẹ̀gì omi àti ọṣẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń fà sẹ́yìn. Ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Táyọ̀.

"Onígbáméjì dé o! Ẹ má sá! Àwa méjì la wà. Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, gúgúrú ni mo rù. Ìkejì mi kì í polówó, kì í kí èèyàn, ẹ ò sì lè fojú rí i. Inú odò ló wà, àti ọwọ́ tí a ò fọ̀ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, àti ẹsẹ̀ eṣinṣin. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, òun ti wà nínú àmù, ó ń rín yín. Ẹ se omi yín kó hó! Bí ẹnì kan bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tí ẹ ti sè, ẹ máa fún un mu, kí ẹ máa gbé e bọ̀ ní ọsibítù!"

Ọjà dákẹ́. A lè gbọ́ ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu. Gbogbo ohun tí Bíntù ní láyé ń bẹ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó sì mọ̀.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ lanu. "Onígbáméjì, mo ní ìbéèrè. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, èwo ló sùn ti ọkọ rẹ lánàá?"

"Mama, ká ní òun ni, inú sálángá ni ọkọ mi ì bá sùn mọ́jú!"

Ẹ̀rín bẹ́ láti ìsọ̀ oníṣu dé ìsọ̀ aláta. Ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ nítorí ikùn rẹ̀. Ìyá Abọ́sẹ̀dé bọ́ síwájú, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó tẹ́ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. "Wọn agolo kan fún mi. Ẹ̀pà ni kó pọ̀ jù. Eyín mi ti dín kù, àmọ́ ó ṣì mú."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù tò. Ẹ̀pà kọ́kọ́ tán, gúgúrú ń tán lọ. Gbádégẹṣin, tó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ láti òwúrọ̀, rìn wá, ó na àtẹ́lẹwọ́ tó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ìyá Simiat, èmi tí mo gbé ẹ wá ńkọ́?"

Bíntù fi agolo gbá a lọ́wọ́ sẹ́yìn. "Omi rèé, ọṣẹ rèé."

"Èmi náà?"

"Ìwọ gan-an. Ẹ ò rí ọwọ́ ẹni tó ń gbé wolé-wolé káàkiri! Tò sẹ́yìn, àwọn tó ti fọwọ́ ń dúró."