Àlejò Tó Wọ Wáìfáì Ilé

Bàbá Wáìfáì ni tọmọdé tàgbà ń pè é ládùúgbò, kò sì bínú sí i. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ló ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n Wáìfáì ilé rẹ̀ ló gbà á lọ́kàn. Ohunkóhun tó bá ti lè gba Wáìfáì nínú ilé náà ló ti so mọ́ ọn, ó sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Gílóòbù yàrá ń jẹ́ Oorun-Ń-Kùn-Mí. Tẹlifíṣọ̀n ń jẹ́ Aláròyé. Kámẹ́rà pálọ̀ ń jẹ́ Olófòófó. Ìyàwó rẹ̀ ní ó kù díẹ̀ kó sọ ìkòkò lórúkọ.

Olófòófó ló fọkàn tán jù. Ìyá rẹ̀ ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ rí, láti ìgbà náà ló sì ti kọjú kámẹ́rà sí àga tí ìyá ń jókòó sí. Bó bá fi fóònù yọjú wò ó láti ibi iṣẹ́, tó rí ìborùn pupa lórí àga, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tú ikùn ẹ̀rọ kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́yà, yíńkì bò ó dé ìgbọ̀nwọ́. Ó sinmi díẹ̀, ó wo orúkọ àwọn ohun tó wà lórí Wáìfáì ilé rẹ̀ nínú fóònù. Oorun-Ń-Kùn-Mí wà níbẹ̀, Aláròyé wà níbẹ̀, Olófòófó náà wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ wọn ni ohun kan tí kò lórúkọ wà, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán.

Ó ju irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló dé?" Sùúrù, akẹgbẹ́ rẹ̀, bi í.

"Ẹnì kan ti wọ ilé mi."

"Ilé kẹ̀? Màmá ńkọ́?"

"Inú Wáìfáì ni."

Sùúrù mí kanlẹ̀. "O fẹ́ pa mí. Mo rò pé olè ni."

"Olè náà ni. Ó lè gba ojú Olófòófó wo màmá. Ó ti mọ̀ pé wọ́n dá wà nílé."

Kò dúró wádìí. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń lé àlejò jáde, àlejò pòórá. Ìgbà yẹn ló tó ṣí Olófòófó. Àga wà níbẹ̀, ìrọ̀rí kan wà lórí rẹ̀. Kò sí ìborùn, kò sí ìyá. Ó pe fóònù ìyá, ó sì ń tipasẹ̀ Olófòófó gbọ́ ọ tó ń dún nínú pálọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e.

"Dìde, jẹ́ ká lọ," ni Sùúrù wí.

Lórí alùpùpù Sùúrù, kò gbójú kúrò lára fóònù. Àga ṣófo síbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó so mọ́ ilé yẹn, kò sí èyí tó lè nawọ́ gbé ìyá dìde.

Ó ṣílẹ̀kùn wọlé. "Màmá!" Balùwẹ̀ ló sáré lọ. Ilẹ̀ gbẹ, kò sẹ́nì kankan. Ló bá gbọ́ ikọ́ nínú ilé ìdáná.

Ìyá jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ìborùn bora, ó ń gbọn fóònù tuntun kan.

"O káre tó o dé. Àárín ọ̀rọ̀ lèmi àti àbúrò rẹ wà tí Wáìfáì rẹ fi kú."

"Ta ló ni fóònù yìí?"

"Àbúrò rẹ ló rà á fún mi lánàá. Ó ní n má tíì sọ fún ẹ, pé o máa sọ ọ́ lórúkọ."

Ó jókòó sílẹ̀. "Ẹ̀yin ni olè tí mo lé, màmá."

Sùúrù kọjú sí ògiri kó lè rẹ́rìn-ín.

"Kí ló gbé yín dé ibí? Àga yín ńkọ́?"

Ìyá wolẹ̀. "Ojú tó o gbé síbẹ̀ yẹn ń bà mí lẹ́rù. Bó o bá ti jáde, màá fi ìborùn wé ìrọ̀rí, màá gbé e sórí àga, màá wá síbí. Òtútù ló mú mi lónìí, mo bá mú ìborùn mi."

Ẹ̀rù tó ti fẹ́ máa lọ tún padà. Ó wo àpótí náà: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ń dán fún omi. Ìrọ̀rí ló ti ń ṣọ́ látọjọ́ yìí.

Kò jiyàn. Ó gbé àpótí síta, ó yọ Olófòófó kúrò lára ògiri, ó sì dá fóònù tuntun padà sínú Wáìfáì. "Ẹ máa pè mí fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti padà sí ọ́fíìsì lọ́yà nígbà tí ìpè fídíò wọlé sórí fóònù rẹ̀. Iwájú orí ìyá ló kún ojú fóònù náà.

"Orí àga ni mo wà. Ṣé o rí mi?"

"Mo rí yín, màmá," ló wí. Ṣùgbọ́n ògiri tó wà lẹ́yìn ìyá ló tẹjú mọ́, ó ń wò ó bóyá ti pálọ̀ ni àbí ti ilé ìdáná.