Wákàtí Mọ́kànlá

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Ìyá Aago fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, síbẹ̀ kò wọ ọkọ̀ náà rí. Àmọ́ bí o bá dárúkọ pápákọ̀ òfuurufú méjì fún un, kò ní wo ìwé kó tó sọ iye kìlómítà tó wà láàárín wọn àti iye wákàtí tí èèyàn yóò lò lókè. Ó máa ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má fi aago ìlú tí wọ́n ń lọ ka ìrìn àjò. Yóò ní, "Aago ìlú kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, wákàtí tí ìdí fi jókòó kì í yàtọ̀."

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ríṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè, òun fúnra rẹ̀ ló ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ẹgbàárin kìlómítà àti díẹ̀, wákàtí mọ́kànlá. Aago méje òwúrọ̀ ni ọkọ̀ gbéra. Ìyá Aago fa ìlà mọ́kànlá sórí bébà, bí wákàtí kan bá ti kọjá, á fi pẹ́ńsùlù pa ìlà kan rẹ́.

Ìlà márùn-ún ló ti pa rẹ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Mọ́mì, ẹ káàsán. Mo ti dé o."

Ìyá Aago fò dìde, ó ní, "Ọmọ mi ní òun ti dé kẹ̀?" Ọkùnrin tó ń wọn ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, ṣebí aago ibẹ̀ fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn tiwa. Ìyá Aago nawọ́ sí aago ara ògiri. Ọ̀sán gangan. Kí aago tiwọn sá sẹ́yìn títí, orí òkun ni ọkọ̀ yẹn wà. Ọkùnrin náà ní bóyá awakọ̀ rí ọ̀nà àbùjá ni, àmọ́ òun alára kò lè rẹ́rìn-ín.

Ìyá bi ọmọ ní ohun tó ń rí. Ó ní gbogbo ilẹ̀ funfun, kò sí ẹrù, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ìrìnnà. Òun nìkan ló sọ̀ kalẹ̀, àwọn yòókù ṣì ń sùn. Ilẹ̀kùn kan wà níwájú òun.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò rójú wọn, Mọ́mì. Wọ́n kàn ṣí i sílẹ̀ dè mí."

Ohùn tó fi ń dá oníbàárà lóhùn ni ìyá lò.

"Ọmọ mi, ó ku wákàtí mẹ́fà. O ò tíì dé. Padà sórí àga rẹ, kí o de bẹ́líìtì."

Kò gbé fóònù kúrò létí mọ́. Àwọn oníbàárà tò, ọkùnrin tó ń wọn ẹrù ló ń dá wọn lóhùn. Ìyá ń ka iye kìlómítà tó kù sí ọmọ rẹ̀ létí, èémí nìkan ló ń gbọ́ padà. Bó ṣe pa ìlà kọkànlá rẹ́, fóònù já.

Nígbà tó tún dún, ariwo èèyàn ló kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ náà ní òun ti balẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra lòun ti sùn, òun kò pe ẹnikẹ́ni.

"Àmọ́ ọwọ́ ń dùn mí, Mọ́mì. Ó dà bíi pé ẹnì kan dì í mú pinpin."

Ìyá Aago ní kó sọ fún òun, ṣé èèyàn pọ̀ níbi tó dúró sí? Ọmọ náà ní wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n ń tẹ òun lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyá tó jókòó.