Ọmọ Eléré Ìje Tí Kì Í Kí Àgbà

Mo bá ọmọ inú ìwé jà rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣì wà ní girama nígbà náà, ní Kétu. Aunty aránṣọ tó wà ní yàrá kejì sí tiwa ló yá mi ní ìwé ìtàn kan nípa ọmọbìnrin eléré ìje. Yéè! Ọmọ náà ò níwà! Kì í kí ìyá rẹ̀, kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, á kàn sáré kọjá lára àgbà bí ẹni tí ò rí èèyàn. Ó sì ń gba ipò kìíní! Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo máa ń pariwo mọ́ ìwé: "Ọmọ burúkú! Ẹsẹ̀ ẹ á kọ!" Aunty á máa rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ wọn: "Kà á tán ná, jàre." Èmi kọ̀, mo dá a padà fún wọn ní ìdajì.

Èmi náà ń sáré, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ilé ìwé wa fẹ́ mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo lọ díje, mo sì fẹ́ kó jẹ́ èmi débi pé mi ò lè jẹun. Ẹni mẹ́ta tó bá ṣíwájú lọ́jọ́rùú ló máa sáré àṣekágbá lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́rùú ọ̀hún, mo ti fi gbogbo wọn sẹ́yìn nígbà tí Ìyá onílé wa, tí wọ́n wá wòran, fi oríkì mi pè mí. Orúnkún mi ò bi mí léèrè. Mo kúnlẹ̀! Láàárín eré ìje! "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà!" Kí n tó dìde, ẹni méjì ti kọjá, díẹ̀ ló kù kí ìkẹta náà kọjá. Ìyá onílé káwọ́ lérí: "Ta ló ní kó o kí mi? Sáré, jọ̀ọ́!" Ẹni sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní í bá. Èmi tí mo ṣépè fún ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀, tèmi ló kọ; agbára káká ni mo fi gba ipò kẹta.

Mo sunkún dé ọ̀dọ̀ Aunty, mo gba ìwé padà. Mo rò pé ọmọ náà á yíwà padà níparí, á sì máa bẹ gbogbo ayé. Rárá o! Ó gba ipò kejì, ó tún bú ẹni tó gba ìkíní. Inú tún bí mi, àmọ́ mo rí i pé látìbẹ̀rẹ̀, ibi tí eré parí sí nìkan ló ń wò. Ìlara ẹ̀ ló ń ṣe mí, èmi ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá onílé tún ki oríkì mi, wọ́n fi ti baba mi kún un. Mo kọjá lára wọn fìà! Èmi ni mo kọ́kọ́ dé òpin eré! Ìgbà yẹn ni mo wá padà lọ kúnlẹ̀, mi ò lè mí dáadáa. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ní, "Mi ò tiẹ̀ rí ojú ẹ, ẹsẹ̀ nìkan ni mo rí!" A jọ ń fò sókè níbẹ̀ bí ọmọdé.

Èmi náà ti di Mummy ẹnìkan báyìí, orúnkún ń dùn mí. Mi ò sì tíì fẹ́ràn ọmọ inú ìwé yẹn. Bí a bá pàdé ní Mile 12 lónìí, ó dájú pé kò ní kí mi. Èmi ni mo máa kí i.