Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Mi Lórí Sípíkà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò rí mi lórí ibí yìí láti ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe pé iṣẹ́ télọ̀ ló pọ̀ jù o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àga fìdí lé, kí n ro ohun tó ń ṣe mí fún yín, torí tí mi ò bá sọ ọ́ jáde, àyà mi á bẹ́.

Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà láàárọ̀ àná, ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Ẹ̀yìn mi tutù. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló kan ẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ àdúrà. Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ Bàbá mi. Àwọn ni bàbá arúgbó tó máa ń kọjá lẹ́yìn mi nínú fídíò, tí wọ́n á máa pariwo pé, "Àbẹ̀kẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ẹ máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Bàbá kì í ṣe aláriwo èèyàn o. Etí wọn ló ti di pátápátá.

Ọmọ Ìkirè ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ifọ̀ ni wọ́n ti lo agbára wọn, ní sọ́mìlì, níbi tí wọ́n ti ń la igi gẹdú. Ìdí ẹ̀rọ ńlá yẹn ni wọ́n dàgbà sí. Kí wọ́n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ti gba etí wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Màmá mi kú, mo lọ kó wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Lotto, níbí ní Mowe.

Tí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, màá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ní lẹ́tà gàdàgbà. Wọ́n á wọ gíláàsì, wọ́n á kà á, wọ́n á wá fi ohùn tí gbogbo àdúgbò máa gbọ́ dá mi lóhùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ làwọn ń sọ. Pásítọ̀ á wà lẹ́nu ìwàásù, Bàbá á ní, "Ṣé ọkùnrin yìí ò jẹun ni? Ó ti rù." Ojú á tì mí, ẹ̀rín á tún fẹ́ pa mí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ohun kan ń jẹ Bàbá lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ràn Ọlọ́run gan-an, wọn ò sì gbúròó Rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní nígbà tí etí àwọn ṣì ń gbọ́, orin ni Ọlọ́run fi máa ń wọlé tọ àwọn wá, orin àti àdúrà tí èrò ń gbà papọ̀. Ó máa ń ṣe wọ́n bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ilé. Ní báyìí, àwọn á kàn jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu èèyàn á máa là, á máa pa dé.

A lọ sí ọsibítù. Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí. Ariwo ṣáá ló ń pa sí Bàbá létí, ni wọ́n bá yọ ọ́ jù sínú dúrọ́ọ̀. A gba àdúrà ìwòsàn náà. Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń gbà á: oníwàásù á ti ìka bọ Bàbá létí, á pariwo, á fà á yọ. Oníwàásù àlejò kan tiẹ̀ wà tó ní kí wọ́n wí "Halelúyà" tẹ̀ lé òun. Bàbá wo ẹnu ẹ̀, wọ́n wí i. Ni ṣọ́ọ̀ṣì bá dàrú. Ijó, àtẹ́wọ́, àwọn kan ti ń sunkún ayọ̀. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo èèyàn. Wọ́n rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ń kí àwọn káàbọ̀ ni.

Nígbà tá a délé, wọ́n bi mí pé kí ló dé táwọn èèyàn fi ń jó. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Bàbá kà á tán. Wọ́n ní kí n má tíì sọ òótọ́ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, kí inú wọn má bàa bà jẹ́. Ẹ gbà mí, ta ló yẹ kí inú ẹ̀ bà jẹ́ níbẹ̀?

Ó wá di Sọ́ńdè kan tá a pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni, àga ti kún. Ibi kan ṣoṣo tó kù ni ẹ̀gbẹ́ sípíkà dúdú ńlá kan tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, níbi téèyàn kì í fẹ́ jókòó sí. Sísítà Bọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń júwe àga fún èèyàn, bẹ̀ wá pé kí Bàbá fara mọ́ ọn. Èmi bọ́ sáàárín àwọn akọrin, torí akọrin ni mí. A ń kọrin lọ, mo wò wọ́n láti orí pèpéle. Bàbá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà yẹn. Wọ́n dijú. Omi ń dà lójú wọn.

Ẹ rántí pé sọ́mìlì ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti sọ fún mi rí pé ọwọ́ làwọn fi ń mọ ìṣe ẹ̀rọ. Àwọn á gbé ọwọ́ lé e, àwọn á mọ̀ bóyá ayùn ti kújú tàbí ó ṣì mú. Ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé lé sípíkà. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n di apá mi mú láàárín èrò, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, Ó wà nílé. Mo gbọ́ bó ṣe ń rìn."

Láti ọjọ́ náà ni àga yẹn ti di tiwọn. Kí n tó po tíì lówùúrọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n ti wọ agbádá. Tá a bá ń bọ̀ nílé, wọ́n á máa ṣàlàyé fún mi pé ìlù tòní dùn, àdúrà gbóná, ṣùgbọ́n ìwàásù tutù díẹ̀. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ṣé wọ́n máa ń mọ̀ tó bá jẹ́ èmi ni mò ń dá orin. Wọ́n ní, "Tìẹ máa ń sáré jù." Ẹ wo bàbá yìí o.

Kò pẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ra sípíkà tuntun. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, òkè lábẹ́ àjà ni wọ́n gbé wọn kọ́ sí. Àwa akọrin la yọ̀ jù, torí èyí àtijọ́ máa ń han lójijì téèyàn bá wà lẹ́nu orin. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ro ti Bàbá níbẹ̀, èmi ọmọ wọn náà ò rò ó.

Ní Sọ́ńdè tá a kọ́kọ́ lo sípíkà tuntun, Bàbá rìn lọ síbi àga wọn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ti ṣófo. Wọ́n wò yíká bí ẹni tí nǹkan ẹ̀ sọnù. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ògiri. Wọ́n gbé e lé òpó. Sísítà Bọ́lá wá rọra mú wọn jókòó. Títí ìsìn fi parí, ọwọ́ wọn wà lórí itan, ó là sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mò ń wò wọ́n láti ibi tí mo dúró sí, orin bọ́ lẹ́nu mi.

Mo lọ bá Pásítọ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n di orí mú, wọ́n ní àwọn ò tiẹ̀ mọ̀ rárá pé ọwọ́ tí Bàbá ń gbé lé sípíkà ni wọ́n fi ń gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé sípíkà àtijọ́ fún ìjọ kékeré kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ifọ̀, ìjọ yẹn sì ti ń lò ó. Pásítọ̀ wá lọ wá sípíkà kékeré kan tí Bàbá lè máa gbé lé itan. Bàbá gbé ọwọ́ lé e, wọ́n sì dúpẹ́ gidigidi. Nígbà tá a délé, wọ́n ní bí eṣinṣin tó há sínú agolo ló ṣe ń ṣe.

Bí Bàbá ṣe dẹ́kun àtimáa lọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Wọ́n á wẹ̀ ní Sọ́ńdè, wọ́n á wọ agbádá, wọ́n á wá jókòó sí fàráńdà, wọ́n á máa wo àwọn tó ń lọ. Tó bá sì di Jímọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe àdúrà ńlá ní Camp, ibùdó àdúrà tó wà nítòsí wa, tí mọ́tò tò láti Ibafo títí dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á ní, "Gbogbo àwọn yìí, ohùn Ẹ̀ ni wọ́n ń lọ gbọ́."

Mo fẹ́ tù wọ́n nínú. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé ibi gbogbo ni Ọlọ́run wà, pé Bíbélì wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n máa kà á. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ìbínú Bàbá. Wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run ti bá ẹlòmíràn sọ ni Bíbélì ń sọ fún àwọn, àwọn mọ̀, àwọn sì gbà á. "Ṣùgbọ́n tí ọkọ rẹ bá wà nínú ilé, tí kò bá ọ sọ̀rọ̀, tí kò fọwọ́ kàn ọ́, ṣé wàá ní ọkọ ń bẹ nílé?"

Mo pa fóònù, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. 

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń gbàdúrà kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láàárín ẹ̀yìn, níbi tí ìyá máa ń pọn ọmọ sí. Mo rò pé nǹkan kan ni wọ́n fẹ́ gbà, mo dákẹ́. Wọ́n ní, "Má dákẹ́. Mò ń gbọ́."

Mo bá ń bá àdúrà lọ. Ohùn mi ń gbọ̀n, ẹ̀yìn mi náà ń gbọ̀n. Ọwọ́ wọn le koko, ó sì móoru.

Bó ṣe di ti àràárọ̀ nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ìyà tó jẹ mí! Ṣé ẹ mọ àdúrà téèyàn máa ń gbà, tí ọkàn ẹ̀ á ti wà lọ́dọ̀ kọ́sítọ́mà tó fẹ́ wá gba bùbá? Àdúrà tèmi nìyẹn tẹ́lẹ̀. Bàbá ò gbà fún mi. Tó bá ti jẹ́ ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́, wọ́n á fi ìka kàn mí lẹ́yìn, wọ́n á ní, "Ayùn ò kan igi." Inú á bí mi. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, báwo ló ṣe mọ̀? Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà nínú mi fún Ọlọ́run. Mo sọ ti Màmá mi tí mi ò tíì sunkún ẹ̀ tán. Mo sọ ti ọmọ tí èmi àti ọkọ mi ń retí, tí kò tíì dé, tí mo máa ń díbọ́n pé kò dùn mí. Tí ọ̀rọ̀ bá ti inú wá, Bàbá á ní, "Ẹ̀ẹ́n, Ó ti wọlé." Èmi náà á sì mọ̀ pé Ó ti wọlé. Èmi tí etí mi pé, tí mò ń kọrin lórí pèpéle lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ò ṣe Bàbá dáadáa. Ikọ́ wọ̀ wọ́n lára, a gba ìtọ́jú títí, kò lọ. Wọn ò lè dìde wá bá mi mọ́, èmi ni mò ń lọ bá wọn. Màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá kẹ̀yìn sí wọn, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á gbé e lé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, oòrùn ti wọ inú yàrá. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi Bàbá sílẹ̀ fún mi. Mi ò fọ̀rọ̀ bò, torí mo mọ̀ pé wọn ò lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ìka wọn kàn mí lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ọwọ́ wọn rọra yọ̀ wálẹ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Mi ò dákẹ́, ṣebí wọ́n ti ní kí n má dákẹ́. Mo gbà á títí mo fi ṣe àmín. Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí i pé èmi nìkan ló kù nínú yàrá yẹn.

A ti sin wọ́n sí Ìkirè. Gbogbo ẹni tó wá bá mi kẹ́dùn ló ń sọ pé etí Bàbá ti là báyìí, pé wọ́n ń gbọ́ orin àwọn áńgẹ́lì. Mò ń ṣe àmín. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Ó dùn mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ ti wá mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi kọ̀ láàárọ̀ àná. Mo dìde níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, mo wọ yàrá Bàbá, mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo ní, "Olúwa, mi ò gbúròó Rẹ." Mo sọ ọ́ sókè. Mo tún un sọ. Mi ò ní tàn yín jẹ, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀rọ̀ náà lára bó ṣe ń gbọ̀n nínú egungun ẹ̀yìn mi, mo sì mọ̀ pé ayùn kan igi. Mo sunkún títí kọ́sítọ́mà fi wá kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò gùn. Tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé òun ò gbúròó Ọlọ́run mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ka ẹsẹ Bíbélì kan fún un kẹ́ ẹ máa lọ, bí èmi ṣe ṣe. Ẹ sún mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ ara yín ló máa fi gbọ́. Kẹ́ ẹ sì tó gbé nǹkan àtijọ́ kúrò nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ wò ó dáadáa bóyá ọwọ́ ẹnì kan wà lórí ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló gbé ọwọ́ lé yín lẹ́yìn rí, tí àdúrà yín fi di òótọ́? Ṣé ó ṣì wà láyé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi. Màá jókòó sí yàrá Bàbá, màá fẹ̀yìn ti ògiri, màá kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n má dákẹ́.