Yàrá Tí Wọ́n Tì Mọ́ Dókítà Abọ́sẹ̀dé

Wọ́n ti sin Dókítà Abọ́sẹ̀dé Ayọ̀rìndé sí Ìjàn-Èkìtì, ìlú bàbá rẹ̀. Ìsìnkú náà gbayì. Ọkọ̀ ìjọba tò dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì wọn ò sì kú títí a fi kọrin tán. Alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn Adó, níbi tó ti ṣiṣẹ́, ka ìdárò látorí, kò wo ìwé. Ó ní ìmọ́lẹ̀ Èkìtì ló kú. Ẹ̀yin ará Adó, ta ló pa iná náà?

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí a sin. Abọ́sẹ̀dé kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tán, ó tún padà lọ kọ́ iṣẹ́ ojú. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́lé, Íńdíà ló lọ, ó ní òun fẹ́ kọ́ ti ojú ọmọdé. Àgbàlagbà tí nǹkan funfun bò lẹ́yinjú lè ní sùúrù, ó ti mọ bí a ṣe ń ríran tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá tètè mú funfun náà kúrò, ọpọlọ rẹ̀ kò ní kọ́ ìríran mọ́, bí a bá tilẹ̀ wá tún ojú náà ṣe lẹ́yìn-ọ̀la.

Bàbá mi àgbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Òkè-Ìlá, ni mo mú lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo ti òkè òkun dé. Ẹ mọ àwọn tíṣà wa: a ní kí wọ́n ka lẹ́tà ara ògiri, wọ́n sọ ọ́ di ìdánwò. Bí àwọn tó ṣáájú ṣe ń kà, Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń há a sórí. Nígbà tó kàn án, geerege ló kà á dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," Dókítà wí. Ó yí páálí náà padà, lẹ́tà mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ka tibí fún mi."

"Páálí dà?"

"Ẹ ò kúkú rí i."

"Uṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe, ọmọ mi. N kì í fèélì."

"Níbí, ẹni tó bá fèélì nìkan la máa ń tọ́jú."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Lónìí, ó ń ka Bíbélì rẹ̀ láìyá ojú ẹnikẹ́ni.

Awò ńlá tó ń sọ ohun tín-ín-rín di ńlá, tí Dókítà fi ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Bàbá, ti dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ra tuntun o. Ẹ má sọ pé wọn ò ṣe nǹkan kan. Ó wà nínú yàrá kan lẹ́yìn wọ́ọ̀dù ojú, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e dé, ríbọ́ọ̀nù pupa wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mọ àṣà wa: ohun tí ẹni ńlá kò bá tíì gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀, a kì í lò ó. Ẹni ńlá ò sì ráyè. Ríbọ́ọ̀nù náà ti ṣá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Monínúọlá wá láti Ìgbẹmọ, ọmọ ọwọ́ tí ojú rẹ̀ méjèèjì funfun. Dókítà lọ bá akọ̀wé ilé ìwòsàn, Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí. Olúwarótìmí, dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wà níbẹ̀, òun ló sọ fún mi.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn yẹn. Ọmọ yìí ò lè dúró."

"Dókítà, ẹ má ba ètò jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti lò ó, kí ni ẹni ńlá ó wá ṣí?"

"Ojú ọmọ náà ni kí wọ́n wá ṣí."

"Ẹ ṣáà ní sùúrù, mà."

Ni Dókítà bá gbé ìyá àti ọmọ sínú mọ́tò ara rẹ̀, ó forí lé ìpínlẹ̀ mìíràn, níbi tí wọ́n gbà kó wá lo awò tiwọn. Tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ já ló pàdé wọn lọ́nà. Ìyá fara pa díẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe ọmọ. Dókítà ò délé mọ́.

Wọ́n ní tírélà ló pa á. Kí ló gbé e dé iwájú tírélà, nígbà tí awò tó ń wá kiri wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù tirẹ̀?

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe yẹ́ ẹ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, Alága kéde pé orúkọ rẹ̀ ni wọn ó fi pe yàrá náà. A pàtẹ́wọ́. Ó fi kún un pé wọ́n ti sún ọjọ́ ìṣílé síwájú, kí wọ́n lè ráyè gbẹ́ orúkọ náà sára mábù. Nígbà tó wà láàyè, wọ́n ti yàrá nítorí ẹni ńlá. Ó kú tán, wọ́n tì í nítorí òun fúnra rẹ̀.

Bí a ti ń kúrò ní itẹ́ òkú, mo bi Olúwarótìmí bóyá ó lè ṣe ojú ọmọ náà.

"Mo lè ṣe é. Mo ti ṣe é lójú Dókítà rí. Kọ́kọ́rọ́ ni n ò ní."

Monínúọlá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ń dẹ etí sí ọ̀rọ̀ wa, ojú rẹ̀ ò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, Alága, ẹ gbé mábù yín sílẹ̀, kí ẹ ṣílẹ̀kùn lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ ríbọ́ọ̀nù ló kù, ẹ jẹ́ kí ìyá Monínúọlá gé e. Dòjé tó fi ń kórè ìrẹsì mú dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá dúró níwájú gbogbo wa. Ìdárò tí ẹ há sórí dùn, geerege lẹ kà á, bíi Bàbá mi àgbà. A ti wá yí páálí padà. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀: ta ló ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn náà? Ẹ kà á sókè.